Ẹ Gbìn Ín, Ẹ Má Gbo Ó: Ọ̀rọ̀ Lórí Hydrangea



Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín wa láti ìgbà ooru tó kọjá, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹnì kan sọ ọ́ síta kó tó di àṣà. Ọ̀rọ̀ òdòdó tí àwọn òyìnbó ń pè ní hydrangea ni. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá gba Moss Side, Longsight tàbí Didsbury kọjá láàárín oṣù keje sí oṣù kẹjọ, ẹ ó rí i níwájú ilé: igi kúkúrú, ewé gbàgbàdà, òdòdó rẹ̀ ṣù jọ bí orí ọmọ ọwọ́, òmíràn aláwọ̀ aró, òmíràn pupa rẹ́súrẹ́sú, òmíràn funfun báláú. Ó wu ojú. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Ibi tí ẹjọ́ wà ni pé àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa ti ń béèrè bóyá a lè já ewé rẹ̀, ká gbo ó sínú omi ẹ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn ewé tó kù. Òmíràn tilẹ̀ béèrè bóyá a lè fi se àgbo. Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè kò pa mọ́. Odúndún wọ́n ní Manchester, rinrin wọ́n, tí a bá sì rí wọn rà, owó gọbọi ni. Hydrangea ní tirẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́. Èsì tèmi kò gùn: ẹ gbìn ín, ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má gbo ó.

Ọmọ kan tí orí rẹ̀ pé dáadáa bá mi fà á. Ó ní, "Ìyá, mo wo orúkọ ẹ̀ nínú ìwé. Èdè Gíríìkì ni, ìkòkò omi ni ìtumọ̀ ẹ̀. Ṣé ti Yemọja kọ́ nìyẹn?" Inú mi dùn pé ó wá a lọ sínú ìwé, òótọ́ ló sì sọ. "Hydor" ni omi, "angeion" ni ohun èlò tí a ń rọ nǹkan sí. Linnaeus, ará Sweden tó to orúkọ àwọn ewéko jọ, fi orúkọ náà sínú ìwé rẹ̀ ní 1753. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fà á. Igi tí wọ́n ń wò nígbà náà, irú ti Amẹ́ríkà ni, èso rẹ̀ tó bá ti gbẹ a máa rí bí ife kékeré. Ìrísí èso gbígbẹ ni wọ́n fi sọ igi lórúkọ. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe.

Orúkọ ewé tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Pierre Verger, ará Faransé tó tẹfá ní Kétu tí wọ́n sì sọ ní Fátúnmbí, lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́dọ̀ àwọn babaláwo kó tó gbé ìwé ńlá rẹ̀ lórí ewé jáde ní Brazil ní 1995. Ohun tó tẹnu mọ́ níbẹ̀ ni ohun tí àwọn àgbà wa ti ń sọ tipẹ́: ewé, orúkọ rẹ̀ àti ọfọ̀ rẹ̀, àjọrìn ni wọ́n. Nínú orúkọ àbámọdá ẹ ń gbọ́ àbá, ẹ ń gbọ́ dídá. Ìró inú orúkọ yẹn ni ọfọ̀ ń dì mú, òun ló ń sọ fún ewé ohun tí a fẹ́ kó ṣe. Hydrangea kò ní orúkọ Yorùbá. Kò sí odù tí mo gbọ́ tó pè é, kò sí àgbà tó kọ́ mi ní ọfọ̀ rẹ̀. Bí a bá wá gbo ó, kí la fẹ́ sọ fún un? A kàn fẹ́ dákẹ́ ká máa fọ ewé bí ẹni fọṣọ ni?

Àwọn kan á ní, ṣebí Ọ̀sanyìn kò rí ewé tí kò wúlò. Ẹ ti gbọ́ ìtàn náà. Ọ̀rúnmìlà rán Ọ̀sanyìn lọ sóko pé kó lọ ro ó. Nígbà tó débẹ̀, ó dúró ti ewé kọ̀ọ̀kan, kò rí èyí tó lè gé, nítorí ó mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ẹ̀yin ọmọ mi, ibi tó yẹ kí ẹ dúró sí nínú ìtàn yẹn ni pé ó mọ̀ wọ́n. Ó ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí fún ibà, èyí fún inú rírun. Kò sọ pé ẹni tó bá ti rí ewé kó já a mu. Ewé mìíràn wà tó jẹ́ pé ìwúlò rẹ̀ kò ju kéèyàn mọ̀ ọ́n kó sì yẹra fún un.

Èyí gan-an sì nìyẹn, tó bá di ti ẹnu. Májèlé wà nínú ewé hydrangea àti nínú ìrudi òdòdó rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kà á mọ́ àwọn igi tó ní ohun tí ń tú sáyánáìdì sílẹ̀, irú ohun tó wà nínú pákí tútù. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe gàárì nílé mọ ohun tí mò ń wí: wọn a ha pákí, wọn a rin ín, wọn a dì í sápò, wọn a fi òkúta tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kan, kí wọ́n tó yan án. Àwọn baba ńlá wa kò ṣe gbogbo wàhálà yẹn fún eré. Ewúrẹ́ tó bá jẹ pákí kíkorò ní tútù lè kú. Pákí ní àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ májèlé rẹ̀. Ta ló mọ ti hydrangea nínú wa?

Ní oṣù kẹfà 2008, ní ìlú Tsukuba ní Jàpáánù, ilé oúnjẹ kan fi ewé hydrangea ṣe ọ̀ṣọ́ sínú àwo. Àwọn oníbàárà rò pé ewé jíjẹ ni, wọ́n jẹ ẹ́. Kò tó wákàtí kan tí èébì fi mú wọn, tí òòyì sì ń kọ́ wọn. Ní oṣù yẹn kan náà, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Osaka. Ẹ sì rántí pé ilẹ̀ Jàpáánù ni igi yìí ti wá. Bí àwọn onílé bá lè ṣì í mú, àwa ńkọ́? Àwọn ẹranko náà kò yọ sílẹ̀ o, ajá àti ológbò tó bá jẹ ẹ́ a máa bì, ewé rẹ̀ sì máa ń yún àwọn kan lára bí wọ́n bá ń fọwọ́ kàn án ṣáá. Nítorí náà kì í ṣe mímu nìkan ni mo ń sọ. Ẹni tí ń bu omi ewé wẹ orí, ojú ńkọ́, ẹnu ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ fún yín pé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Jàpáánù ń lo hydrangea. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin, ọjọ́ ìbí Búdà, wọn a fi ewé irú hydrangea kan ṣe tíì aládùn tí wọ́n ń pè ní amacha, wọn a bù ú sórí ère Búdà ọmọdé, wọn a sì mu nínú rẹ̀. Ó jọ tiwa, àbí? Omi ewé lórí ère. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó wà níwájú ilé yín ni wọ́n ń lò. Ẹ̀yà kan pàtó ni, wọn a sì mú kí ewé náà kan, wọn a sá a gbẹ, kí ó tó di tíì. Síbẹ̀ náà, ní 2009 àti 2010, àwọn ọmọdé ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n mu amacha, tí ìjọba ibẹ̀ fi ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe sè é kó ki jù. Ẹ̀sìn tiwọn ni, ewé tiwọn ni, ẹ̀kọ́ tiwọn ni, ó sì tún ń já wọn kulẹ̀ nígbà mìíràn. Àwa tí a kàn bá a pàdé lójú títì kò gbọdọ̀ sáré.

Ẹ ẹ́ wá bi mí pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe nínú ọgbà wa?

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó lè dun àwọn kan. Púpọ̀ nínú wa tó ń fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní oníṣègùn ní ìlú yìí kò tíì gbin igi kan kó yè fún ọdún kan gbáko. Jíjá la mọ̀, a ò mọ gbígbìn. Nílé, igbó wà lẹ́yìn ilé, àwọn ìyá eléwé ọmọ wà lọ́jà, ènìyàn lè máa já ewé títí ayé láìgbin ẹyọ kan. Ní Manchester kò sí igbó lẹ́yìn ilé, ògiri bíríkì aládùúgbò ló wà níbẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ọwọ́ tí kò bá lè gbin ewé kò ní rí ewé já. Mo sì rò pé hydrangea dára fún ẹni tó ń kọ́ ọwọ́, torí pé kì í tètè kú, ó sì ń sọ ohun tó ń ṣe é síta gbangba. Àlejò lòun náà ní ilẹ̀ yìí. 1789 ni wọ́n mú irú rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù wá sí Kew ní London láti Ṣáínà.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọ̀ rẹ̀, torí òun ló ń da orí àwọn ọmọ rú. Wọ́n á ní èyí tó dúdú bí aró ti Yemọja ni, èyí tó pupa ti òrìṣà báyìí ni. Igi kan náà ni o! Ilẹ̀ ló ń pa á láró. Bí ilẹ̀ bá kan, tí ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní pH bá wà nísàlẹ̀ 5.5, aluminíọ́mù tó wà nínú ilẹ̀ á yọ́, gbòǹgbò á fà á mu, òdòdó á sì di aláwọ̀ aró. Bí ilẹ̀ bá ní láìmù, tí ìwọ̀n yẹn bá gun 6.5 lọ sókè, aluminíọ́mù wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ó há, gbòǹgbò kò rí i mu, òdòdó á pupa. Láàárín méjèèjì ni ẹ ti ń rí èsè àlùkò. Ẹ lè gbin ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì ẹnu ọ̀nà, kí àwọ̀ wọn má jọra. Ẹ má torí ìyẹn dá ọ̀rọ̀ sí òrìṣà lẹ́nu.

Funfun nìkan ni kò gbọ́ ti ilẹ̀. Ibi yòówù kí ẹ gbìn ín sí, funfun ni yóò yọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bó bá ń gbó ó lè rí bí ewé tútù tàbí kó pọ́n díẹ̀. Àwa ọmọ Ọbàtálà fẹ́ràn èyí, ẹ ò sì lè dá wa lẹ́bi.

Ìlú Manchester ní ìtàn tirẹ̀ lórí ilẹ̀ kíkan. Láyé tí èéfín èédú ń tú jáde lára àwọn ilé iṣẹ́ òwú tọ̀sán tòru, Robert Angus Smith, onímọ̀ kẹ́míkà tó ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín, wọn omi òjò ìlú, ó sì kọ ọ́ ní 1852 pé omi náà ń kan. Ní 1872 ó lo ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé wá mọ̀, òjò kíkan. Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn ti kógbá wọlé, òjò sì ti mọ́ ju ti ìgbà náà lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ọgbà níhìn-ín ṣì kan díẹ̀. Àfi ibi tí wọ́n bá wó ilé àtijọ́ sí. Bí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ tí ẹ kan àfọ́kù bíríkì àti láìmù tí wọ́n fi mọ ọ́n, pupa ni hydrangea yóò yọ níbẹ̀. Ní ti eérú tí àwa fẹ́ràn láti dà sídìí ọ̀gbìn, ńṣe ló ń lé àwọ̀ aró lọ. Bí ẹ bá fẹ́ aró, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọlọ́gbà, ohun tí wọ́n ń tà fún un, ìbátan álọ́ọ̀mù ni, òkúta funfun tí àwọn ìyá wa fi ń mú kí omi tòrò. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kí ẹ lò, àlòjù ń jó gbòǹgbò.

Ọ̀rọ̀ omi ló wá kù, níbẹ̀ sì ni igi yìí ti yẹ orúkọ rẹ̀. Òǹgbẹ kì í jìnnà sí i. Àwọn kan á ní Manchester ni a wà, ṣé òjò wọ́n wa ni? Òjò tó ń rọ̀ níhìn-ín lọ́dún lé díẹ̀ ní 800 mílímítà, kò tó ti Ìbàdàn. Ó kàn ń sẹ̀ lemọ́lemọ́ ni. Ewé hydrangea sì fẹ̀ bí agbòjò. Bí ẹ bá gbìn ín sínú ìkòkò, òjò á máa ṣàn gba etí ìkòkò lọ, ìdí igi á sì gbẹ táútáú nínú òjò. Ìka lẹ ó fi wádìí: ẹ ki ìka bọ erùpẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá gbẹ, ẹ bomi rin ín títí omi yóò fi máa jáde nísàlẹ̀. Òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára. Bí ewé bá rọ lọ́sàn-án gangan, ẹ má bẹ̀rù, ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́. Bó bá dìde fúnra rẹ̀, oòrùn ló ń dà á láàmú, kì í ṣe òǹgbẹ. Ibi tí oòrùn òwúrọ̀ ń dé tí ibòji sì ń bò lọ́sàn-án ló fẹ́ràn. Ẹ rántí 19 oṣù keje 2022, ọjọ́ tí ooru kọjá ìwọ̀n 40 fún ìgbà àkọ́kọ́ ní apá ibìkan ní ilẹ̀ England. Hydrangea tó wà lójú oòrùn lọ́jọ́ irú ìyẹn, etí ewé rẹ̀ á jó di àwọ̀ ilẹ̀. Ewé jíjẹrà tí a bá kó bo ìdí rẹ̀ ló ń gbà á.

Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé omi òjò ni kí a fi rin ín, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Fún àwọn ará London òtítọ́ ni, omi wọn ní láìmù, ẹ wo inú kẹ́tù wọn bó ṣe ń hu funfun. Omi tiwa níhìn-ín, púpọ̀ rẹ̀ láti adágún Thirlmere ní Cumbria ló ti ń wá láti 1894, kò ní láìmù tó bẹ́ẹ̀, ọṣẹ ń hó lára rẹ̀. Kò ní ba àwọ̀ aró jẹ́ kíákíá. Síbẹ̀ ẹ gbé àgbá sábẹ́ òrùlé kẹ́ ẹ gba omi òjò, ọ̀fẹ́ ni. Mo sì bẹ̀ yín, omi tútù nìkan ni kí ẹ dà sídìí rẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti da ọtí, iyọ̀ àti epo sídìí igi nínú ìkòkò ní orúkọ ètùtù. Iyọ̀ ń pa igi. Igi tó wà nínú ìkòkò kò ní ibi tó lè sá sí.

Ìgé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń ṣì ṣe jù. Bí òdòdó bá ti gbẹ lóṣù kẹwàá, wọ́n á mú àlùmọ́gàjí, wọ́n á gé e kanlẹ̀ kí ọgbà lè mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ewé nìkan. Èyí tí òdòdó rẹ̀ ṣù bí orí ọmọ, orí ẹ̀ka ọdún tó kọjá ló ti ń yọ òdòdó. Kí ìgbà ooru tó parí ló ti di ìrudi ọdún tó ń bọ̀ sára. Ẹ fi òdòdó gbígbẹ sílẹ̀ lórí rẹ̀, kó ṣe fìlà fún ìrudi nínú òtútù. Ní ìparí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ẹ gé e dé ibi ìrudi méjì àkọ́kọ́ tó lágbára, ó tán. Funfun tí wọ́n ń pè ní Annabelle yàtọ̀ o, orí ẹ̀ka tuntun ni tirẹ̀ ń yọ, a lè gé e wálẹ̀ dáadáa ní oṣù kejì tàbí ìkẹta. Ẹ mọ irú èyí tí ẹ ní kẹ́ ẹ tó gbé irin.

Ní ti gbígbé òdòdó rẹ̀ síwájú ojúbọ, èrò àwọn àgbà kò ṣọ̀kan. Àwọn kan ní òdòdó gígé kì í ṣe àṣà ilé, pé obì, omi tútù àti oúnjẹ òrìṣà ló tó. Àwọn ará wa ní Bahia ní tiwọn, òdòdó ni wọ́n ń kó lọ sínú òkun fún Yemọja ní ọjọ́ kejì oṣù kejì lọ́dọọdún. Èmi kò rí ohun tó burú bí ọmọdé bá gé ẹyọ kan sínú ìgò omi, tó gbé e síwájú ìyá rẹ̀. Ẹwà ni. Ṣùgbọ́n ìgò rẹ̀ yóò dá wà, kò gbọdọ̀ sún mọ́ omi tí a ń bù mu, a ó sì da omi inú rẹ̀ nù síta.

Ewé tí a ń wá gan-an kò ṣòro tó bí a ṣe ń rò. Odúndún àti àbámọdá ń gbé ojú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, òtútù nìkan lọ̀tá wọn. Ewé àbámọdá kan tí ẹ fi lé orí erùpẹ̀ á hu ọmọ ní etí rẹ̀. Rinrin ń hù nínú ìkòkò inú ilé bí erùpẹ̀ rẹ̀ bá tutù. Tẹ̀tẹ̀, ẹ gbin hóró rẹ̀ síta ní ìparí oṣù karùn-ún, àwọn ará Jàmáíkà tó wà ní àdúgbò wa ń gbin irú rẹ̀, callaloo ni wọ́n ń pè é, wọn ò sì ní fi hóró rẹ̀ dù yín bí ẹ bá kí wọn dáadáa.

Ẹni tó bá fẹ́ hydrangea tirẹ̀, kó má náwó. Ní oṣù kẹfà sí ìkeje, kó gé ẹ̀ka rírọ̀ tí kò ní òdòdó, tó gùn tó ìka ọwọ́, kó yọ ewé ìsàlẹ̀, kó kì í bọ erùpẹ̀ tó ní iyanrìn, kó fi ọ̀rá bò ó, kó gbé e síbi ibòji. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin yóò ta gbòǹgbò. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa tó gé fún gbogbo kíláàsì. Kí kálukú mú ìkòkò tirẹ̀ wá, kó kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, kó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó jẹun.